Kóòdù Morse, Àrokò àti Ìlù: Ìtàn Rédíò Tí Ń Gbèsì

Ní alẹ́, bí iná bá lọ ní Gowon Estate, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn olùgbé àdúgbò náà a máa gbọ́ ìró ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lójú ọ̀run. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed tó wà ní Ìkẹjà kò jìnnà sí agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Orúkọ olórí ìjọba ológun kan, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ni a fi pe àdúgbò yìí. Orúkọ ẹni tó gorí àga lẹ́yìn tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1975 ni a sì fi pe pápákọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ mọ orúkọ méjèèjì dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ọmọ ogun ẹ̀ka Signals ni Murtala Muhammed, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìfiránṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun. Catterick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, òun náà sì ni Gowon fi ṣe kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún 1974.

Ohun kan tún wà ní ojú ọ̀run yẹn tí etí lásán kò lè gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà wá sí Èkó ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, èyí tó ń fi ìgbì rédíò pè: ohùn kúkúrú, gígùn, kúkúrú, kúkúrú, kúkúrú, gígùn, gígùn, gígùn, kúkúrú. Lẹ́tà mẹ́ta ni: L, A, G. Awakọ̀ òfuurufú tó bá gbọ́ ọ mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ Èkó ni òun ń tẹ̀lé, kì í ṣe ti ìlú mìíràn. Kóòdù Morse ni èdè tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Èdè tí ayé ti kéde ikú rẹ̀ láìmọye ìgbà ni a ṣì fi ń dárúkọ Èkó fún àlejò tó ń bọ̀ láti òkèèrè.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé àpótí tó ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́ èsì ni. Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn ti wà kí asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé, èyí tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gba èsì, tó sì jẹ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ìtàn rédíò yẹn, àti ti ọ̀rọ̀ àṣekúrú tí àwọn tó ń lò ó fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sún mọ́ ilé Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ọdún tí wáyà dé Èkó

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1844 ni Samuel Morse, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà láti Washington sí Baltimore. Ẹsẹ Bíbélì kan láti inú ìwé Númérì ló fi ránṣẹ́. Alfred Vail, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ló wà ní Baltimore tó gbà á. Ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà kò le. Iná mànàmáná kò lè gbé ohùn ènìyàn nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni kí ó wá, kí ó sì lọ. Nítorí náà, wọ́n fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ nípa bí iná náà ṣe pẹ́ tó. Lẹ́tà E, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù, ni wọ́n fún ní ohùn kúkúrú kan péré. T gba ohùn gígùn kan. Àwọn lẹ́tà tí a kì í sábà lò ni wọ́n di ẹrù gígùn lé lórí. Friedrich Gerke, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tún un tò ní ọdún 1848, ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀ ló sì di ìpìlẹ̀ èyí tí gbogbo àgbáyé ń lò di òní. Nínú rẹ̀, ohùn gígùn kan gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ohùn kúkúrú mẹ́ta. Àlàfo láàárín lẹ́tà kan àti èkejì tó ohùn kúkúrú mẹ́ta. Àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì sì tó méje. Bí àlàfo bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ọdún 1886 ni okùn wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Ilé iṣẹ́ African Direct Telegraph Company ló tẹ́ ẹ gba etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ́nù. Kí ó tó dé, lẹ́tà gómìnà tàbí ti oníṣòwò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì rẹ̀ a sì tún gba iye ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó padà. Lẹ́yìn tí wáyà dé, ìránṣẹ́ lè lọ kí èsì rẹ̀ sì dé láìpẹ́ ọjọ́.

Ọdún 1886 yìí kan náà ni àdéhùn àlàáfíà Ogun Kírìjì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Gómìnà Alfred Moloney ló rán àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀. Samuel Johnson yìí náà ni a mọ̀ lónìí fún ìwé ìtàn Yorùbá ńlá tó kọ. Inú igbó àti orí òkè ni àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí gbà dé àgọ́ Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ọdún kan ṣoṣo yẹn: Èkó ti lè bá Lọ́ńdọ́nù sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn láti Èkó dé Èkìtì. Ìjìnnà kì í ṣe ti máìlì nìkan. Ibi tí okùn bá gbà ni ọ̀rọ̀ ń yá sí. Àwọn tó sì ni okùn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn oníṣòwò ńlá.

Wáyà wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1901, òpó wáyà tẹ̀lé irin. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń jókòó níwájú bọ́tìnì idẹ, tí wọ́n ń tẹ kóòdù Morse láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lórí irin kan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Èdè Yorùbá sì gba iṣẹ́ tuntun náà wọlé kíákíá: “tẹ wáyà” ni wọ́n ń sọ, nítorí ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ní wáyà dé láti òkè òkun tàbí láti Èkó, àyà a kọ́kọ́ já, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá yá kì í gun wáyà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń kúrú

Owó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń san lórí wáyà. Ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà lè kí bàbá, kí ìyá, kí ó béèrè ewúrẹ́ àti adìẹ. Ẹni tó fẹ́ tẹ wáyà a kọ́kọ́ ka owó ọwọ́ rẹ̀. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń gé ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ní ìdí tiwọn: ọwọ́ ń ro wọ́n, àkókò kò sì dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdéhùn láàárín ara wọn pé àmì kékeré báyìí ni yóò dúró fún gbólóhùn gígùn báyìí.

Iṣẹ́ ìròyìn wà lára ohun tó mú kí ọgbọ́n yìí gbilẹ̀. Ní ọdún 1879, Walter Phillips, akọ̀ròyìn tó mọ iṣẹ́ wáyà, ṣe ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tó kún fún ọ̀rọ̀ àṣekúrú tí wọ́n fi ń gbé ìròyìn. Láti inú ọgbọ́n yẹn ni “POTUS” ti wá, orúkọ tí àwọn akọ̀ròyìn ṣì fi ń pe ààrẹ Amẹ́ríkà. Kí ìwé yẹn tó jáde ni àwọn òṣìṣẹ́ wáyà ti ní ìṣírò nọ́ńbà tiwọn. Nọ́ńbà 30 túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ parí, ó sì di àṣà fún àwọn akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà láti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìròyìn kí olóòtú lè mọ̀ pé kò sí ojú ìwé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 73 túmọ̀ sí ìkíni àtọkànwá. Nọ́ńbà 88 wà fún olólùfẹ́.

Nígbà tí rédíò wá mú kí ọ̀rọ̀ lè rìn láìsí wáyà, àwọn ọkọ̀ ojú omi orílẹ̀-èdè gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lórí ìgbì kan náà láìgbọ́ èdè ara wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to àwọn àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q, ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1912 sì tẹ́wọ́ gbà wọ́n. Lónìí, QTH túmọ̀ sí ibi tí mo wà nìyí. QRM, ẹlòmíràn ń dí mi lọ́wọ́. QRN, ariwo ojú ọjọ́ pọ̀. QSL, mo ti gbà á. QRT, mo fẹ́ pa ẹ̀rọ. Bí a bá fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ìbéèrè. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè tẹ QTH pẹ̀lú àmì ìbéèrè sí ọmọ Èkó tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, kí ó sì rí èsì gbà: QTH LAGOS. CQ ni ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ fi ń pe gbogbo ayé. DE, tó túmọ̀ sí “láti ọ̀dọ̀”, ni a fi ń ṣáájú orúkọ ẹni tó ń pè. K ni pé ó yá, sọ tìrẹ.

Ẹni tó bá mọ àrokò yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ síbí. Kí wáyà tó dé ni Yorùbá ti ń fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí “fà” wà nínú ẹẹ́fà. Bí onítọ̀hún bá dá mẹ́jọ padà, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí “jọ” wà nínú ẹẹ́jọ. Àmì kékeré, gbólóhùn kíkún. Àdéhùn ló gbé e dúró. Ohun tí nọ́ńbà 73 àti 88 ń ṣe lórí rédíò gan-an nìyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àrokò lè jẹ́ àṣírí, tí ẹni tó gbé e kò ní mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí rédíò, òfin àgbáyé kò gba àwọn tó ń fi í ṣe fàájì láyè láti fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ pamọ́. Àmì Q kúrú, ṣùgbọ́n gbangba ni ó wà; ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ọ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ìlù gbé ìdajì, wáyà gbé ìdajì

Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó kọ́kọ́ gbọ́ ìlù ní Áfíríkà pè é ní wáyà àwọn ènìyàn dúdú. Ìfiwéra náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò péye. Morse ń to lẹ́tà. Dùndún ń sọ ohùn. Lẹ́tà wà lórí wáyà láìsí ohùn. Ohùn wà lórí ìlù láìsí lẹ́tà. Fún èdè bí i Yorùbá, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹni tó bá tẹ O, K, O lórí wáyà kò lè fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i. Ẹni tó gbà á lè kà á sí oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ tàbí òkò. Bí ìyàwó bá gba wáyà pé “OKO TI DE”, ṣé baálé ilé ló dé ni, àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń retí? Onílù kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Bí ó bá lu ohùn àárín kan àti ohùn òkè kan, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ adé, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọkọ́. Nítorí náà ni onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní ìhòòhò. Oríkì ló máa ń lù, òwe ló máa ń lù, kí gbólóhùn gígùn lè tọ́ka sí ìtumọ̀ tó yẹ. John Carrington, òyìnbó míṣọ́nárì tó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò tó sì kọ ìwé lórí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ní ọdún 1949, rí i pé bákan náà ni àwọn onílù ibẹ̀ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Òṣìṣẹ́ wáyà ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí owó má baà pọ̀. Onílù ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí ìtumọ̀ má baà sọnù.

Àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn ní ìgbà tí iléeṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlù ni iléeṣẹ́ náà fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, orúkọ iléeṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ní kí ìlù pè. Ṣùgbọ́n ohun tí etí àwọn aráàlú gbọ́ ni: “B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?” Onílù kò ṣì í lù, aráàlú kò sì ṣì í gbọ́. Ohùn ni ìlù gbé; olúkúlùkù fi lẹ́tà tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i.

Láti etí òkun dé yàrá ẹni kọ̀ọ̀kan

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1901, Guglielmo Marconi kéde pé òun ti gbọ́ lẹ́tà S, ohùn kúkúrú mẹ́ta, ní Newfoundland, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òdì kejì òkun Àtìláńtíìkì, láìsí okùn kankan láàárín wọn. Ní ọdún 1908, SOS, kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta, di àmì ìpè ìrànlọ́wọ́ gbogbo àgbáyé lábẹ́ òfin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, Jack Phillips àti Harold Bride tẹ ìpè ìrànlọ́wọ́ láti inú ọkọ̀ Titanic bí omi ti ń gbà á. Phillips kú, Bride yè. Àwọn tó lé ní 700 tí ọkọ̀ Carpathia kó là rí ìgbàlà nítorí pé ẹnìkan ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbọ́.

Láàárín àkókò yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà, bátìrì àti irin àlòkù ṣe rédíò tiwọn nílé. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, wọn kò sì gbowó. Amateur radio ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n yá àmì àwọn òṣìṣẹ́ wáyà lò, wọ́n sì fi tiwọn kún un. Lórí ìgbì wọn, OM, tó túmọ̀ sí “bàbá àgbà”, ni ọkùnrin ń jẹ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Irú rédíò yìí kọ́ ni Èkó kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rediffusion ní Èkó: àpótí ara ògiri tí wọ́n fi wáyà gbé ìròyìn Lọ́ńdọ́nù wá sínú rẹ̀. Ẹni tó ni àpótí kò lè yan ohun tí yóò gbọ́, kò sì lè dáhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì tòótọ́ ni. Bí ìran kan ti ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, ó mọ́ àwọn ènìyàn lára pé ìjọba ni í sọ̀rọ̀, aráàlú ni í gbọ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà kejì ṣí sílẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Àmì 5N ni àgbáyé fi dá ilẹ̀ yìí mọ̀ lórí ìgbì: ohùn kúkúrú márùn-ún, lẹ́yìn náà gígùn kan àti kúkúrú kan. Ẹgbẹ́ Nigerian Amateur Radio Society sì wà, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ àgbáyé wọn. Ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gbé ohùn sórí ìgbì láìní in ti rú òfin. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má kọ́ kóòdù, tàbí kí ó má fetí sí i.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ ni ó yẹ kí ó wú ọmọ Yorùbá lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ nípa kíka àmì inú ìwé: ibí yìí kúkúrú, ibí yìí gígùn. Wọ́n a há a sórí tán, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọpọlọ wọn a máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ a sì ti kọjá lọ. Ludwig Koch, onímọ̀ ìhùwàsí ní Jámánì, fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé etí ló yẹ kí ó kọ́ ọ. Lẹ́tà méjì péré ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀, ní ìyára tí yóò fi ṣiṣẹ́ gan-an. Bí ó bá ti ń gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, a ó fi lẹ́tà kan kún un. Ọmọ Àyàn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ láti kékeré kò ka ìwé kankan kí ó tó mọ ohun tí dùndún ń sọ. Odidi ọ̀rọ̀ ni etí rẹ̀ ń gbé. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ẹni tó mọ Morse náà kì í gbọ́ kúkúrú àti gígùn mọ́. 73 a máa dún létí rẹ̀ bí ìkíni ni. Àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ tilẹ̀ ń dá ọwọ́ ara wọn mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ọwọ́ onílù láìrí ojú rẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ni Morse ń lò, ibi tóóró ló ń gbà lórí ìgbì, agbára rẹ̀ sì ń kó jọ sójú kan. Wáàtì márùn-ún, tí kò tó èyí tí gílóòbù àtijọ́ ń jẹ, ti gbé ọ̀rọ̀ kọjá òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Bátìrì kan tó. Wáyà tó gùn tó mítà mẹ́wàá ni áńténà rẹ̀ nílò fún ọ̀kan lára àwọn ìgbì tí wọ́n ń lò ní ọ̀sán. Láti fèrèsé òkè dé ẹ̀ka igi nínú ọgbà Gowon Estate, ó lè gbà á, bí àwọn aládùúgbò bá fọwọ́ sí i. Ohun tí yóò yọ onítọ̀hún lẹ́nu jù ni ariwo: jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, ẹ̀rọ inverter, òpó iná tó ń ta páṣípáṣí. Èdè rédíò ní orúkọ fún un: QRM tí ènìyàn dá sílẹ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́, ìgbà tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì dún, ni etí rédíò ń mọ́ jù.

Kí ni ó kù fún un láti ṣe?

Ayé ti dágbére fún Morse. Àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ètò sátẹ́láìtì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1999. Ní ọdún 2003, ìpàdé àgbáyé fagi lé òfin tó ní kí gbogbo onírédíò yege nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní ọdún 2007. Ilé iṣẹ́ Western Union fi wáyà rẹ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́ ní ọdún 2006, Íńdíà náà sì dá tirẹ̀ dúró ní ọdún 2013. Ní Nàìjíríà, fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, àwọn ènìyàn sì gbàgbé wáyà bí ẹni gbàgbé àlá.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íńtánẹ́ẹ̀tì kú ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Èkó, àwọn báńkì kan kò lè ṣiṣẹ́, owó há sórí fóònù, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dúró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àtúnṣe gbà. Ọdún 138 lẹ́yìn tí okùn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó, orí okùn ni ọ̀rọ̀ Èkó ṣì rọ̀ mọ́.

Àwọn tó ń gbé lápá Ìkòtún àti Ẹ̀jìgbò kò sì lè gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà-sí bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Ìró ni wọ́n gbọ́. Ọ̀pọ̀ kò mọ ohun tó ń dún tàbí ibi tó ti ń dún. Wọ́n sáré nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sì bá a lọ nínú odò Òkè-Afá. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé rédíò kankan ìbá ti gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rántí alẹ́ yẹn mọ iye tí ìròyìn òtítọ́ kan ṣoṣo tó láti ẹnu ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Níbòmíràn, a ti rí àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí omi òkun ya lu àwọn erékùṣù Andaman ti ilẹ̀ Íńdíà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí fóònù sì kú, àwọn onírédíò aláfẹ́ láti ilẹ̀ Íńdíà wà ní Port Blair. Fàájì ni wọ́n bá lọ. Àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn ránṣẹ́ jáde, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn ẹbí lókè òkun pé ènìyàn wọn ṣì wà láàyè. Kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọjọ́ ogun kọ́ ni à ń pọ́n ọ̀kọ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ ní Gowon Estate bá mọ bí a ṣe ń tẹ fóònù, tí ẹyọ kan kò sì mọ bí a ṣe ń bá aráyé sọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù bá kú, asọ̀rọ̀mágbèsì ló tún padà dé, pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ìmọ̀ tó lè gbà wọ́n kì í ṣe àjèjì sí ìran tó fi owó ẹyọ mẹ́fà sọ̀rọ̀ ìfẹ́, tó sì fi awọ ewúrẹ́ pe orúkọ ọba. Áàpù tó ń kọ́ni ní Morse lọ́fẹ̀ẹ́ wà lórí fóònù kan náà tí wọ́n mú lọ́wọ́. Lẹ́tà méjì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ojú ọ̀run Èkó, ẹ̀rọ náà ṣì ń dárúkọ ìlú: L, A, G. Ẹni tó bá kọ́ ọ yóò gbọ́.